Àwọn Obìnrin Kajú ti Ìdógò

Ìdógò,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta, 2024.

Toyibat ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ ní Lomé tí o wà yẹn. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ààwẹ̀ ti dé tán, n kò sì mọ ẹni tí yóò máa jí ọ sí sààrì. Nígbà tí o wà nílé, àfi bí mo bá ta omi sí ọ lójú kí o tó dìde.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí n kò fi pè ọ́. Lórí fóònù, ìwọ a máa sáré, èmi a máa pariwo, ká tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, nẹ́tíwọ́kì á ti lọ. Àúdù onímọ́tò tó ń gba Ìdíìrókò wá sí ọ̀dọ̀ yín ni mo fi ìwé yìí rán. Ìwé kíkọ tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ta ni kí n fi kọ sí bí kì í bá ṣe ìwọ?

Kajú so lọ́dún yìí bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Láti ibí títí dé ọ̀nà Ìlaròó, òórùn rẹ̀ ni à ń mí símú. Ó ń rán mi létí bàbá rẹ. Bàrúwà kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kajú kó má fi fìlà rẹ̀ kó díẹ̀ wálé fún ọ, omi èso náà á sì ba fìlà jẹ́. N óò bínú, òun á máa rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. O mọ ilé iṣẹ́ kajú tí àwa obìnrin ń lọ. Àwa là ń la èèpo, àwa là ń yọ ọmọ inú rẹ̀. Oje èèpo yẹn ń jó ni bí iná. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fún wa ní ìbọ̀wọ́. Láti ìgbà òjò tó kọjá, kò sí mọ́. Wọ́n ní ká máa fi eérú pa ọwọ́. Awọ ọwọ́ mi ti bó, n kò lè fi bọ omi gbígbóná mọ́. Ìyá Husain, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, ló ṣáájú wa lọ bá máníjà. Ṣé o mọ ẹni tó jẹ́ máníjà wa báyìí? Túnbọ̀sún ni, ọmọ ilé kejì tí ẹ jọ máa ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Ó ní òun á sọ fún àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí Ìyá Husain má wá mọ́.

Mo ti sọ fún àwọn obìnrin yòókù pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ní, "Ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé ni Toyibat mi wà. Ó ti bùṣe." Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ kó pe Túnbọ̀sún, kó pàṣẹ fún un pé kó dá Ìyá Husain padà, kó sì fún wa ní ìbọ̀wọ́ wa. N kò bẹ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láfún wà nínú àpò tí Àúdù gbé dání. Má fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rò ó.

Èmi ìyá rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Mẹ̀dínátù.


Lomé,
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, 2024.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìnira. Láfún dé. Bí mo ṣe tú àpò náà ni òórùn ilé gba gbogbo yàrá, mo jókòó tì í lórí ilẹ̀ bí ẹni tó gbàlejò.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yín dùn mí púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà ní Ìlaròó. Ẹ rántí bí èmi àti Túnbọ̀sún ṣe máa ń sun kajú nínú páànù lẹ́yìn ilé, tí oje rẹ̀ á máa ta pàrà nínú iná? Lọ́jọ́ tó jó mi lẹ́nu, òun ló sunkún jù mí lọ. Mi ò mọ̀ pé òun ni máníjà yín.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Àjọ wa kì í pàṣẹ fún máníjà kankan. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko àti ti oúnjẹ, láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ló para pọ̀ dá a sílẹ̀, ọ́fíìsì wa ní Lomé ló sì ń bójú tó apá ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà. A ń kọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń bá agbanisíṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀. A ń bá wọn wá lọ́yà. A ń so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan la lè dúró fún. Ṣé ẹ ní ẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ yín? Ṣé ẹ ti wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ti orílẹ̀-èdè tó ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta? Ṣé ẹ ní káàdì? Bí kò bá sí ìyẹn, ọ̀gá mi ní kò sí ohun tí a lè ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ bá mi kí Ìyá Husain. Ẹ má jẹ́ kí ó bí yín nínú.

Ọmọ yín,
Toyibat.


Ìdógò,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin, 2024.

Toyibat,

Mo rí ìwé rẹ gbà. A parí ààwẹ̀ láyọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kà á fún ọ. Nígbà ọdún Ìtúnnu, àwọn obìnrin péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo wé gèlè. Mo ní ọmọ mi ti fèsì. Mo ń kà á sókè, orí mi ń wú. Mo ka ti láfún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ka ti ẹnu rẹ tó jó, wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Mo wá dé ibi tí o ti béèrè pé ṣé a ní káàdì. Ìyá Husain ní, "Kà á lọ." N kò lè kà á lọ. Ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Mẹ̀dínátù, má dààmú ọmọ ọlọ́mọ."

Ọmọ ọlọ́mọ! Nígbà tí ibà fẹ́ gbé ọ lọ, tí oyún àbúrò rẹ kò jẹ́ kí n lè rìn, Ìyá Husain yìí ló pọ̀n ọ́ títí dé Ìlaròó. Ṣé ó béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ kó tó gbé ọ sẹ́yìn?

Ó ti kó lọ sí Ayétòrò, ó ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ti dá páropáro. Láàárọ̀, n kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ bó ṣe ń bú ewúrẹ́. N kò mọ̀ pé èèyàn lè ṣàárò èébú ewúrẹ́.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Mẹ̀dínátù.


Lomé,
Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Màmá mi,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àúdù ti dé láti ilé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ní ẹ ò fi nǹkan kan rán òun. Mo pè yín, ẹ ní "Ara le," ẹ sì pa fóònù. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mo kọ̀wé sí yín bí ẹni tó ń kọ̀wé sí àjèjì. Nígbà tí mo kà á pé ọwọ́ yín ti bó, ẹ̀rù bà mí, mo sì sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì.

Ẹ ní kí n má sọ ọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bí ọmọ yín.

Kí n tó dé ibí, àwọn òṣìṣẹ́ oko ọ̀pẹ kan ké sí ọ́fíìsì wa. Wọn kò ní ẹgbẹ́. Àánú wọn ṣe àwọn ọ̀gá wa, wọ́n kọ̀wé gbígbóná sí ẹni tó ni oko, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Ọkùnrin náà béèrè pé, "Ta ló rán yín?" Kò sí ẹni tó lè jáde wá sọ pé àwa ni. Ló bá lé gbogbo ẹni tó fura sí. Àwọn ará ọ́fíìsì padà wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn ní Lomé, àwọn èèyàn yẹn ló kù sínú òjò. Ọ̀gá mi, ìyá ará Tógò kan tó ti hewú sẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò lè sọ ìtàn náà parí títí dòní. Ìdí tó fi ń béèrè káàdì nìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé bí ọ́fíìsì bá sọ̀rọ̀, ta ló máa lè jáde sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, àwa la rán wọn."

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé ló ń ṣètò ẹgbẹ́ ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá pè é, á wá. Mi ò lè bá yín pè é, ẹ̀yin lẹ máa pè é. Nọ́mbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà yín wọlé ni ọ́fíìsì wa di tiyín.

Òjò ń rọ̀ níbí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ariwo rẹ̀ lórí páànù jọ ti ilé wa gan-an. Mo di ojú mi, mo ń rí ẹ̀yin àti Ìyá Husain bí ẹ ṣe ń sáré gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tí ẹ ń taari ara yín, tí ẹ ń kígbe bí ọmọdé. Mo fẹ́ kí ẹ tún máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín,
Toyibat.


Ìdógò,
Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Kẹfà, 2024.

Toyibat ọmọ mi,

O kú ọdún Iléyá. A bu ẹran tìrẹ sọ́tọ̀, àwa náà la sì jẹ ẹ́.

Mo ka ìwé rẹ títí ó fi fẹ́ ya. Mo wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, mo bá Ìyá Husain nínú oko ẹ̀gẹ́. Mo ní, "Wọ́n ní àwa la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde." Ó ju àdá sílẹ̀, ó ní, "Ṣé mo jókòó tẹ́lẹ̀ ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Ọmọ́délé.

Ọ̀kadà ni ọkùnrin náà gùn láti Ìlaròó, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Ọgbà ilé kéwú la ti jókòó. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́?" Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ tẹnu gbogbo wa, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. A mú Jemima, ìyàwó olùkọ́ kan níbí tí òun náà ń la kajú, ṣe akọ̀wé. Wọ́n ní kí n ṣe alága. Mo kọ̀. Ìyá Husain ní, "Ìwọ lo ń fi ọmọ rẹ yangàn fún wa. Jókòó síbẹ̀!"

A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé a ti di ọmọ ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, a bá gèétì ní títì. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé òun kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ìta gèétì la wà láti ìgbà náà, lójò, lóòrùn.

Ó kan ohun tó ń dùn mí. Túnbọ̀sún wá bá mi nílé lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Màmá, Toyibat pè mí. Ó bẹ̀ mí nítorí yín. Ẹ máa bọ̀ lọ́la, ẹ̀yin nìkan. N óò fi yín sí ibi tí wọ́n ti ń di kajú sí báàgì, kò sí oje níbẹ̀."

Mo ní, "Àwọn yòókù ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fún mi lóunjẹ jẹ ní kékeré, Màmá. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè ṣe é fún."

Mo bu omi fún un. Mo ní, "Túnbọ̀sún, bí mo bá wọlé tí àwọn yòókù wà níta, ojú wo ni n óò fi wò wọ́n bí mo bá ń jáde?" Ó mu omi náà tán, ó dúpẹ́, ó lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ti bàbá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìwọ Toyibat, o kọ̀wé gígùn sí mi pé kí gbogbo wa dúró pọ̀, o wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìyá rẹ nìkan. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Má ṣe é mọ́. Bí àwọn obìnrin yẹn bá gbọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé a ti di ọmọ ẹgbẹ́ o. Ó kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Mẹ̀dínátù.


Lomé,
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Keje, 2024.

Màmá mi, alága wa,

Ìbáwí yín tọ́ sí mi. Ọkàn mi kò gbà á ni, mo ṣáà ń rí ọwọ́ yín. Mi ò ní ṣe é mọ́.

Ọ̀gá mi ka orúkọ ẹgbẹ́ yín jáde nínú ìpàdé. Kò lè pe Ìdógò dáadáa. Mo pè é fún un, ó tún un pè, gbogbo wọn sì pè é tẹ̀lé e. Mo ní láti jáde lọ nu ojú mi.

Èyí ni ohun tí a ti ṣe. Lọ́yà ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun láìjẹ́ pé ó kà á. Ọ́fíìsì wa ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ilé iṣẹ́. A sì ti rí i pé Họ́láńdì ni kajú yín ń lọ. Àwọn tó ń yan án níbẹ̀, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i, inú àjọ kan náà pẹ̀lú wa ni wọ́n wà. Ọ̀gá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lọ bi ọ̀gá tiwọn pé ọwọ́ ta ló la kajú yìí, kí ni wọ́n sì fi bo ọwọ́ náà.

Mi ò lè ṣèlérí pé á tètè yọrí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju òkò. Ẹ má sì dá nìkan dúró sí gèétì.

Lánàá, nínú ọjà níbí, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń pe ọmọ rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà, tí ẹ máa ń fa ìparí orúkọ náà gùn. Mo ti dáhùn kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Toyibat yín.


Ìdógò,
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Toyibat ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé o ti ń dààmú. Mo ní n kò ní kọ̀wé àfi tí mo bá ní ohun tí mo lè kọ.

Kò rọrùn. Ebi wọlé. Àwọn kan nínú wa lọ fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì wọlé. A kò bú wọn, ọmọ ń sunkún nílé wọn. Àwa tó kù ń pín gàrí jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèétì. Ọmọ́délé kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má yọ. Àwọn ẹgbẹ́ yín ní Kùtọ́nù fi ìrẹsì àti òróró ránṣẹ́ sí wa, ìwé tó bá a wá, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè kà á. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ gèétì bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wá láti Èkó. Ìlaròó la ti jókòó, àwa àti lọ́yà. Ọ̀kan nínú wọn ń bínú, ó ní, "Ọ̀rọ̀ abúlé yìí, báwo ló ṣe dé etí àwọn oníbàárà wa lókè òkun?" Jemima ní, "Ọwọ́ wa kan náà tó bá yín la á ló bá a dé ibẹ̀, sà." N kò mọ̀ pé ọmọbìnrin yẹn lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbà. Ìbọ̀wọ́ ti dé, tuntun, tó ga dé ìgúnpá. Wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ wa wà. Ìyá Husain ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti padà sẹ́yìnkùlé, òun àti ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n èmi kò ní padà. Dókítà ní ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ fara kan kajú mọ́ láéláé. Mo bọ́ sílẹ̀, Ìyá Husain gba ipò alága. Láàárọ̀, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọjá, wọ́n á kí mi, ẹ̀rín wọn á sì máa jìnnà lọ. Toyibat, n kò rò pé n óò ṣàárò iṣẹ́ tó jẹ mí láwọ. Bẹ́ẹ̀ mo ń ṣàárò rẹ̀: ariwo wa, òfófó wa, bí a ṣe máa ń sinmi lé èjìká ara wa nígbà oúnjẹ ọ̀sán.

Wọ́n ní èmi ni n óò lọ ṣojú wọn níbi ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ ní Kùtọ́nù. Mo ní mo ti kúrò níṣẹ́. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń rán mi gan-an nìyẹn.

Ìyá rẹ,
Mẹ̀dínátù.


Ìdógò,
Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kejìlá, 2024.

Toyibat,

Mo délé láti Kùtọ́nù láyọ̀. Bọ́dà kò dà wá láàmú. Inú mi dùn pé mo fojú kàn ọ́, bó o tilẹ̀ rù díẹ̀.

Nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, tí ìwọ ń sọ ọ́ ní Faransé tẹ̀lé mi, mo ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ nínú ohùn rẹ. N kò sọ ọ́ fún ọ níbẹ̀ torí ojú èèyàn.

Mo rí i pé o fajú ro sí mi lọ́wọ́ ọ̀sán. Obìnrin ará Kodifuá, tí àwa ń pè ní Ivory Coast, tó jókòó tì mí lábẹ́ igi yẹn, òun náà ti la kajú nílẹ̀ tiwọn títí wọ́n fi ní kó jáwọ́. Ìwọ lo sọ ìyẹn fún mi. Òun ń sọ èdè tirẹ̀, èmi ń sọ Yorùbá. O dìde kí o wá bá wa túmọ̀, mo ní, "Lọ jẹun, Toyibat. A ń gbọ́ ara wa."

Irọ́ ni mo pa. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi náà sọ tèmi: gèétì, Ìyá Husain, àwọn tó wọlé lọ, ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀. Kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi rárá. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níṣẹ́, mo ti ń ṣàlàyé ara mi fún gbogbo èèyàn, fún dókítà, fún ìmáàmù, fún ìwọ. Lọ́jọ́ yẹn, n kò ṣàlàyé nǹkan kan. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ìyá rẹ,
Mẹ̀dínátù.